Ọfà Mẹ́ta Lẹ́yìn Wáyà

"Karùndínláàádọ́rin," ni Glenys wí.

Royston Colclough kò tilẹ̀ gbójú sókè. Àkàrà òòtù mẹ́ta, irú èyí tó pẹlẹbẹ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀, ló wà nínú àwo rẹ̀, wàràkàṣì ti yọ́ sórí wọn, ó sì ń fi ọ̀bẹ gé wọn jẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ayé rẹ̀ ti tòrò.

"Ta ló wà ní karùndínláàádọ́rin?"

"Ìwọ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde. "Wọ awò ojú ẹ, ìyàwó. Kọkànlélọ́gọ́ta lo fẹ́ pè."

"Awò wà lójú mi, Royston." Glenys yí fóònù náà sí i. "Ìwọ náà wò ó."

Ó wò ó. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ kedere. Ìlà pupa kan wà lókè orúkọ náà, èyí tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fi ń pín àwọn tó là àti àwọn tó kú sọ́tọ̀. Lókè ìlà náà, tí ẹnì kan péré wà láàárín wọn, ni Neville Bagnall wà. Nev! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún!

Royston gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì rántí pa á dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ipò yìí ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ìyàtọ̀ ènìyàn kan ṣoṣo kò tó nǹkan tí à ń la ẹnu fún. Nínú iṣẹ́ dáàtì, eré tí wọ́n ń ju ọfà kéékèèké mọ́ pátákó, wọn kì í wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò tàbí ẹni tí ará ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀. Owó tí o jẹ nínú ìdíje fún ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń tò yín. Owó tó o jẹ lónìí á bá ọ gbé fún ọdún méjì, tó bá wá pé ọjọ́ rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, o sì gbọ́dọ̀ ti jẹ òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn á máa sáré lórí ibi tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń mú káàdì wọn, ìwé àṣẹ láti jù, wọ ọdún tuntun. Ẹni karùndínláàádọ́rin kò ní káàdì mọ́, àfi bó bá tún lọ jìjàdù fún un ní oṣù kìíní, kò sì sí ìdíje tí wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ilé ni yóò jókòó sí, tàbí kó padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ni Royston ń ṣe tẹ́lẹ̀. Apá rẹ̀ tó ti ń dun ún, òun ló mú kó fi í sílẹ̀, Glenys sì ti ta irinṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Wọ́n ti ṣì í kọ," ni Royston wí. "Ẹ̀rọ ló ya wèrè. Mo ti sọ fún ẹ pé mi ò gba ẹ̀rọ gbọ́."

"Ṣé gbogbo ayé ni ẹ̀rọ ṣì í kọ fún, àbí ìwọ nìkan?"

Ó ti dìde, ó ti ń lọ sí gáréèjì.

Pátákó dúdú kan wà lára ògiri gáréèjì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti máa ń fi dáàtì dánra wò. Ibẹ̀ ni Royston ń kọ ìwé ipò tirẹ̀ sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ará Burslem, ìlú wọn, kò ní bá a jà lórí ìyẹn. Nínú ilé ọtí wọn, ẹni tó bá pàdánù ló máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, tí yóò máa kọ àmì fún àwọn tó kàn, títí ẹlòmíràn yóò fi pàdánù tí yóò wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Royston pàdánù púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀, bó ṣe di akọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn nìyẹn. Ó lè yọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kúrò nínú igba ó lé mẹ́rin kí o tó ṣẹ́jú. Àti pé láti oṣù kìíní ló ti fòfin de ìyàwó rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ka ìwé ipò orí fóònù sí òun létí títí ìdíje òun ọdún yìí yóò fi parí, èyí tó parí ní Sátidé tó kọjá. Ó ní ẹni tó bá ń wo ìwé ipò kó tó jù, ọwọ́ rẹ̀ kì í balẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tòun tó òun.

Ó dúró síwájú pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ìṣirò náà pé. Kò sí ibi tó ti gbàgbé èyí tí wọ́n yọ kúrò, kò sí ibi tó ti fi kún un jù. Kọkànlélọ́gọ́ta! Òun rèé, ó dúró digbí.

Ó mú fóònù, ó fi owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ wé ti pátákó, ó sì pe ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ti ń retí irú ìpè bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Colclough, ẹ kú ìdúró. Mo ti rí yín níbí. Ipò karùndínláàádọ́rin."

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, mà. Irọ́ ló wà níbẹ̀. Owó mi fi ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ pọ́n-ùn dín."

"Ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀…" Ó gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. "Áà. Ti Jámánì nìyẹn, ní oṣù karùn-ún. Àṣàyàn ni yín níbẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Àṣàyàn ni mí!" Ìgbéraga tún wọ ohùn rẹ̀ díẹ̀ pàápàá lákòókò yẹn.

"Ẹ sì pàdánù nínú ìfigagbága yín àkọ́kọ́."

"Mo pàdánù, ṣùgbọ́n ẹ sanwó fún mi. Owó náà wọlé. Òun la fi ṣe òrùlé."

"Ẹ̀yin lẹ ni owó náà, sà. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n àṣàyàn kì í jù ní ìpele kìíní, wọ́n kàn ń fò ó ni. Tí àṣàyàn bá wá pàdánù nígbà àkọ́kọ́ tó jáde, a jẹ́ pé kò borí ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ á dé ọwọ́ rẹ̀, kò kàn ní wọ ìwé ipò ni. Ó wà nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ ní oṣù kìíní. Ẹ fọwọ́ sí i."

Royston rántí ìwé náà. Ojú ìwé méjìdínlógójì. Ó fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Nev, nínú òjò, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ nǹkan tí Glenys ní kó rà bọ̀ ní ọjà.

"Ọ̀gbẹ́ni Colclough? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí," ló wí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí òun wà.

Jámánì! Ẹ wo ohun tó dáwọ̀ọ́ ìdùnnú lé lórí! Ẹni méjì nínú àwọn àṣàyàn ló ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn, ni wọ́n bá fa Royston gòkè láti ìsàlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó pe Nev láti òtẹ́ẹ̀lì, ó ní láti òní lọ, kó máa dọ̀bálẹ̀ kó tó bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Austria kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún lù ú mẹ́fà sí ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín padà wálé, ó ní ẹ̀gàn ò sí, owó ti wọlé, ó sì kọ ọ́ sórí pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì funfun báláú. Ká ní wọ́n mú un ní ẹni lásán, tó sì borí ẹnì kan péré ní ìpele kìíní, owó díẹ̀ yẹn ì bá wọ ìwé. Oyè tó ń fi yangàn ló jẹ owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú kó jókòó sórí agolo ọ̀dà tó wà nílẹ̀ gáréèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ohun tó ṣe ní Wigan lọ́jọ́ Sátidé ni.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ni wọ́n lò ní Wigan, pátákó méjìlélọ́gbọ̀n ní ìlà, kò sí òǹwòran kankan, tọ́ktọ́ktọ́k ni gbogbo inú ilé ń dún. Ìdíje ìkẹyìn tó lè yí ipò òun àti Nev padà nìyẹn, nítorí àwọn méjèèjì kò ráyè nínú ìdíje ńlá ti ìgbà Kérésìmesì. Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ó rí i pé òun àti Nev ni wọ́n jọ pàdé ní ìpele kìíní. Ẹni tó bá borí á gba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ẹni tó bá pàdánù, òfo.

Ó wá ojú Nev, kò rí i. Nígbà tó rí i tán, Nev kò kí i. Ojú rẹ̀ funfun bí ìwé.

Nev ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táìsì ògiri ti lé e nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti jẹrà. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fi gbé Royston kiri fún ọdún mẹ́fà nígbà tí Royston kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọfà mú kí àtàǹpàkò má baà tì í. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ṣáájú ìdíje náà ló sọ fún un nínú ọkọ̀ pé bí káàdì yìí bá bọ́ báyìí, òun ò tún lọ jìjàdù fún un mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lórí ìdúró láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ebi ń pa? Orúnkún òun ò gbà á. "Ó ti parí nìyẹn, Royston. Màá kàn máa jókòó ti màmá mi, àwa méjèèjì á jọ máa wo tẹlifíṣọ̀n."

Royston ro gbogbo èyí nígbà tí wọ́n jù dé márùn-ún sí márùn-ún. Ẹyọ kan ló kù. Méjìlélọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù fún un láti dé òdo, ìyẹn ni pé bí ọfà kan bá ti wọ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìlọ́po mẹ́rìndínlógún tó wà létí pátákó, ó ti parí. Ọfà mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú náà ni ó fẹ́ràn jù láyé, ó lè jù ú nínú òkùnkùn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Nev tó ń fi aṣọ nu àtẹ́lẹwọ́ léraléra.

Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Òun wà ní kọkànlélọ́gọ́ta, mìmì kan ò lè mi òun. Nev wà ní karùndínláàádọ́rin. Bí Nev bá borí, Nev á bọ́ sókè ìlà, ọmọ Belgium kan tí òun kò mọ̀, tí òun kò sì ra ọtí fún rí, ni yóò bọ́ sísàlẹ̀. Kí ni ó kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Belgium?

Ó jù ú sẹ́yìn wáyà tó yí ojú náà ká, níbi tí ọfà kì í ti ka ohunkóhun. Ó ju èkejì síbẹ̀. Ó ju ẹ̀kẹta síbẹ̀. Nev bọ́ síwájú, ó fi ọfà kejì parí rẹ̀, ó sì dì mọ́ Royston tó bẹ́ẹ̀ tí egungun rẹ̀ fi ń dún. Royston fi ayọ̀ rẹ̀ wakọ̀ délé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ gáréèjì, ó nu orúkọ ọmọ Belgium kúrò ní kẹrìnlélọ́gọ́ta, ó kọ "Nev" síbẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká.

Orúkọ náà ló wá ń wò báyìí lórí agolo ọ̀dà. Kò sí ọmọ Belgium kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tì í. Kò sì sí ẹni tó lè ké bá, nítorí bí àwọn ará ọ́fíìsì bá gbọ́ pé ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, wọ́n á lé e kúrò nínú dáàtì fún ọdún gbọọrọ, wọ́n á sì fa Nev náà wọ inú rẹ̀, ta ni yóò gbà pé kò mọ̀?

Glenys yọjú. Ó ti sunkún. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Owó Jámánì ò kà."

"Kò kà? Owó tá a ti ná?"

"Kò kà, Glenys."

"Olúwa ò!" Ó fara ti ìlẹ̀kùn. "Ká ní o ti lu Nev lọ́jọ́ Sátidé… Ọfà kan ṣoṣo, Royston! O ní mẹ́ta lọ́wọ́! Mi ò bú ẹ o, ọkọ mi, mi ò bú ẹ. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe ṣe é tó o fi tàsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Royston ní ó kàn ṣẹlẹ̀ ni.

Kò tíì pé wákàtí kan tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Nev ló dúró níbẹ̀, ó di àkàrà òòtù gbígbóná mẹ́fà mọ́ àyà nínú bébà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Pẹ́pẹ́yẹ mi," ló wí. Ní Burslem, pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo ènìyàn, àti ọlọ́pàá àti ìyàwó pásítọ̀, wọ́n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Lé mi tó o bá fẹ́ lé mi."

"Wọlé, jàre. Òtútù ń wọlé."

Nev wọlé, kò jókòó. "Ó yẹ kí n ti pè ẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Ojú ló ń tì mí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ mi Leanne ti ka ìwé náà fún mi. Ó ní, 'Dádì, Royston ló wà lórí ìlà, ìwọ lo wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn ló wà láàárín yín.' Nígbà tí mo wá rí orúkọ àwa méjèèjì lára ògiri, mo sáré lọ sí ilé ìgbẹ́, mo lọ bì."

Royston wò ó sùn-ùn. "O mọ̀?"

"Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ̀! Ẹni tó bá borí á yè, ẹni tó bá pàdánù ti lọ. Àwọn ọmọkùnrin Scotland yẹn ń ta tẹ́tẹ́ lé wa lórí níbi tí wọ́n ti ń ta tíì. Kí ló dé? Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?"

Gbogbo ènìyàn! Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló dúró síwájú pátákó tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. "Mo mọ̀," ló wí. "Ṣé ó ṣeé ṣe kí n má mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wò ẹ́ lójú." Nev nu imú. "Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, má bínú sí mi. Nígbà tó o tàsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo ní, áà, ẹ̀rù ń ba Royston! Royston tí kì í bẹ̀rù! Mo ní, Neville, gbogbo ayé ẹ ni wọ́n fi ń sọ pé ọwọ́ ẹ máa ń gbọ̀n tó bá ti le. Lónìí ó le fún ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ lọwọ́ ẹ ò gbọ̀n. Mo pe màmá mi láti inú ọkọ̀. Mo ní, 'Màmá, mo borí ẹ̀rù.' Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn arúgbó tí wọ́n jọ ń gbé."

Glenys fọwọ́ kan Nev léjìká. Royston kò lè wo ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Ó tó," ni Nev wí, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Oṣù kìíní lo máa lọ jìjàdù fún káàdì tuntun, o sì máa gbà á. Ojoojúmọ́ ni màá máa wá síbí. Orúnkún mi á gba ìyẹn. Gbéra, a ń lọ sí gáréèjì."

"Kì í ṣe lónìí, Nev."

"Lónìí ni. Ibi tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ju ìlọ́po mẹ́rìndínlógún fún mi. Mẹ́ta péré, ká lé ẹ̀mí èṣù ẹ̀ lọ."

Wọ́n lọ. Royston dúró lẹ́sẹ̀ ìlà, ó wo ojú tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní apá òsì pátákó nísàlẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ báyìí ju bó ṣe fẹ́ ohunkóhun rí lọ. Ó jù.

Tọ́k. Ẹ̀yìn wáyà ló bọ́ sí, ìwọ̀n èékánná kan síta.

Ó mí kanlẹ̀, ó ju èkejì. Ó lọ jókòó ti èkínní bí ìbejì. Ó ju ẹ̀kẹta, ó sì tún sùn tì wọ́n.

Nev rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo alágídí! Yọ wọ́n, tún un jù."

Royston yọ wọ́n. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ sọ fún apá rẹ̀ pé kó wọlé díẹ̀, díẹ̀ péré, inú wáyà, inú. Apá náà kò gbọ́. Ọ̀nà tó fi hàn án lọ́jọ́ Sátidé ló mọ̀, ibẹ̀ ló sì ń lọ. Tọ́k. Tọ́k. Tọ́k. Ogún ọdún ló fi kọ́ ọwọ́ yìí ní ohun kan, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló fi kọ́ ọ ní òmíràn, èyí tó kọ́ kẹ́yìn ló wá dì mú.

Nev kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra rìn lọ sí iwájú pátákó, ó yọ ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àtàǹpàkò bo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àtàǹpàkò náà bò wọ́n tán.

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọfà ẹ̀ máa ń fọ́n ká ni," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èyí ò fọ́n. Ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Ibí yìí gan-an. Mo rí wọn, Royston, mo sì rò pé…"

Ó yí orí. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí pátákó dúdú. Royston rántí rẹ̀, ó nawọ́ bí ẹni fẹ́ fi ara bò ó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Nev ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Kọkànlélọ́gọ́ta: Royston. Kẹrìnlélọ́gọ́ta: Nev, pẹ̀lú àmì òbìrìkìtì funfun tó yí i ká, bí ìgbà tí ènìyàn bá di ẹ̀bùn fún ọmọdé.

"O rò pé o ti là," ni Nev wí.

"Nev, fetí sílẹ̀…"

"O rò pé o ti là, o wá ju káàdì sí mi bí ẹni ju egungun sájá."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́! O ní o ò ní jìjàdù mọ́, o ní ó ti parí! Kí ni kí n ṣe?"

"Kó o lù mí!" Igbe náà mú kí gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. "Kó o lù mí, Royston, tàbí kí n lù ẹ́! Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé! Kí ni mo wá sọ fún màmá mi? Kí ni mo sọ fún un?"

Royston fi ọwọ́ kejì di apá rẹ̀ mú. Láti ilé ìdáná, Glenys ké pè wọ́n pé àkàrà ń tutù, ṣé wọ́n á jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Royston rò pé Nev á mú ẹ̀wù rẹ̀, kó máa lọ, kó má sì padà wá mọ́. Nev kò lọ. Ó fi ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé Royston lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu pátákó dúdú náà, kọkànlélọ́gọ́ta, kẹrìnlélọ́gọ́ta, gbogbo rẹ̀, títí ó fi ṣófo. Ó ṣa ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún bó ṣe ń dìde. Ó wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ní apá ọ̀tún, ó kọjú sí ògiri, níbi tí ẹni tó pàdánù máa ń dúró sí ní gbogbo ilé ọtí Burslem.

"Kúrò níbẹ̀," ni Royston wí. "Jọ̀ọ́, Nev. Ìwọ lo borí. Ẹni tó borí kì í kọ ṣọ́ọ̀kì."

"Jù," ni Nev wí, kò sì yíjú padà.

Royston jù. Ó gbọ́ ọ kó tó rí i, ìró kan náà, lẹ́yìn wáyà.

Nev kọ òdo.